Pi-hsia, Àsíá Òṣùmàrè àti Obìnrin Onígáàsì

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, Pi-hsia fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín. Ó ní kí a má fi ohunkóhun pamọ́, àfi ibi tí òun ti sunkún. Kó má bínú o, a ó sọ ibẹ̀ náà, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní ìlú Tainan, létí odò tí wọ́n gbẹ́ gba àárín ìlú kọjá, ni Pi-hsia àti ọkọ rẹ̀, Yeh, ti ń ta ìrẹsì olómi tí wọ́n fi ẹja sè. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí èèyàn yóò ti tò síwájú ìsọ̀ wọn. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Chao-jung. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, awò ojú ló ń ṣe fún àwọn tí kò ríran dáadáa, kò sì tíì mú obìnrin kankan wálé rí.

Ọ̀rọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́fun Pi-hsia. Chin-feng, tó ń ta ẹ̀fọ́ oníyọ̀ ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ti ní ọmọ-ọmọ mẹ́ta, ojoojúmọ́ ló sì ń gbé fọ́tò wọn kiri bí ẹni ń polówó ọjà.

Chin-feng yìí náà ló gbé ìròyìn dé láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Pi-hsia, jókòó."

"Mi ò lè jókòó, ẹja mi wà lórí iná."

"Jókòó, mo ní. Mo rí Chao-jung létí odò lánàá. Òun àti géńdé kan tó gé irun mọ́lẹ̀, tó gbé akoto alùpùpù há abíyá. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú."

"Bóyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni."

"Ọ̀rẹ́ kẹ̀! Yìnyín aládùn abọ́ kan, ṣíbí kan, àwọn méjèèjì. Èwo nínú àwọn ọ̀rẹ́ tìẹ lẹ jọ ń lá ṣíbí kan?"

Ẹ̀yìn ni Chin-feng ti rí wọn o. Ẹ bá wa fi ìyẹn sọ́kàn.

Ká ní ayé àtijọ́ ni, irú ìròyìn yìí ìbá gbé ìyá ṣánlẹ̀. Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà ní Taiwan. Òfin ti gbà pé kí ọkùnrin fẹ́ ọkùnrin, kí obìnrin sì fẹ́ obìnrin. Pi-hsia ti rí ìyá kan lórí tẹlifíṣọ̀n tó gbá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mọ́ra níwájú gbogbo ayé, tó ní, "Bí o ṣe rí ni mo ṣe fẹ́ ọ." Gbogbo èèyàn ló sunkún lọ́jọ́ náà. Pi-hsia sunkún títí ìrẹsì fi jóná. Láti ìgbà náà ló ti ń wù ú kí òun náà di irú ìyá bẹ́ẹ̀, tí àwọn èèyàn yóò máa nàka sí pé ìyá gidi nìyẹn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kò ní, àfi bó ṣe wá bọ́ sí i lọ́wọ́ wẹ́rẹ́ láàárọ̀ yìí.

Ó sáré wọlé lọ bá ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Chao-jung, ọmọ wa ń fẹ́ ọkùnrin."

Yeh ń yọ egungun ẹja. Kò gbójú sókè. "Ó sọ fún ẹ?"

"Kò sọ. Ìyá máa ń mọ̀."

"Bi í."

"Háà! Wọ́n sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n pé a kì í fipá bi wọ́n. Ẹnu ara wọn ló gbọ́dọ̀ ti jáde."

"Bó bá jẹ́ pé ẹnu ara ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti jáde, kí ló dé tó jẹ́ ẹnu tìẹ ni mo ti ń gbọ́ ọ?"

Pi-hsia ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti ń wọ bàtà.

Ó kọ́kọ́ sọ fún ẹlẹ́yin. Ó sọ fún aránṣọ. Ó sọ fún bàbá tó ń tún alùpùpù ṣe, ó sì ń fi kún un fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé, "Àṣírí ni o." Kí oòrùn tó dé àtàrí, Chao-jung nìkan ni kò mọ̀ ládùúgbò pé ọkùnrin ni òun ń fẹ́.

Ẹni tó wá kàn ni Tai-ying.

Tai-ying ló ń gbé gáàsì wá fún wọn. Bàbá rẹ̀ ló ni iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro bàbá, ọmọ gbà á. Ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣòkòtò ló máa ń wọ̀ ṣáá, a sì máa gbé sílíńdà tó kún dẹ́múdẹ́mú sí èjìká bí ẹni gbé ìrọ̀rí. Pi-hsia fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó lọ láìsọ ọ̀rọ̀ kan náà sí i létí.

"Tai-ying, jẹ́ kí irun yìí gùn. Ọkùnrin wo ló máa gbé orí báyìí lọ fi han ìyá ẹ̀? Fi yẹtí sétí. Béèyàn bá rí ẹ lẹ́yìn, á ní ọkùnrin ni."

"Mo ti gbọ́, Àǹtí."

Láti ìgbà tí ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló ti ń sọ ọ́, ó sì gbà tọkàntọkàn pé oore ni òun ń ṣe.

Lọ́jọ́ tí à ń sọ yìí, ó fa Tai-ying wọ ẹ̀yìn ìkòkò.

"Àárín ọkùnrin ni ìwọ máa ń wà. Irú èèyàn wo ni wọ́n fẹ́ràn?"

"Àwọn ọkùnrin wo, Àǹtí?"

"Àwọn tó ń fẹ́ ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn. Chao-jung ni."

Sílíńdà bọ́ lọ́wọ́ Tai-ying, ó balẹ̀ sórí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí tí gáàsì inú rẹ̀ ti tán ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ ìbá di ti ilé ìwòsàn.

"Chao-jung wo?"

"Chao-jung wo lo tún mọ̀? Chao-jung mi! Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Òun ló sọ fún yín?"

"Rárá, mò ń dúró dè é ni. Ìwọ ṣáà bá mi lajú sílẹ̀. Bó o bá rí ọkùnrin gidi níbi tó o ti ń gbé gáàsì kiri, tó níwà, tó lè se oúnjẹ, wá sọ fún mi."

"Mo ti gbọ́, Àǹtí," ni Tai-ying wí, ló bá ń tiro jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí gbọ́n ju Pi-hsia lọ, ẹ ti mọ ẹni tó gbé akoto há abíyá létí odò. Bẹ́ẹ̀ ni, Tai-ying ni. Òun àti Chao-jung ti ń fẹ́ ara wọn tipẹ́. Chao-jung ò kàn lè sọ nílé ni, nítorí pé àràárọ̀ ló ń gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ sí ọmọbìnrin náà lórí irun. Bí ọmọkùnrin náà ti mọ awò ojú ṣe tó, kò láyà tó ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tai-ying na ẹsẹ̀ tó wú síwájú rẹ̀.

"Ìyá ẹ ní kí n bá ẹ wá ọkọ."

Chao-jung rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Tai-ying ò rẹ́rìn-ín.

"Ọkùnrin tí wọn ò rí rí, wọ́n ti ṣe tán láti gbà á. Èmi tí wọ́n ń rí láràárọ̀, wọ́n ní ta ló máa gbé mi. Ó ti sú mi, Chao-jung. Sọ fún wọn kó tó di ọdún òṣùpá. Bó ò bá sọ ọ́, lọ wá ẹlòmíì tó ní yẹtí."

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀.

Pi-hsia ní tiẹ̀ ti gba ibòmíràn lọ. Òrìṣà kan wà tí àwọn ọkùnrin tó ń wá ọkùnrin máa ń tọ̀ lọ, Òrìṣà Ehoro ni wọ́n ń pè é. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí tẹ́ńpìlì kékeré kan tí wọ́n ti ń bọ ọ́, ó kúnlẹ̀, ó dárúkọ ọmọ rẹ̀, ó sọ ọjọ́ tí wọ́n bí i àti ilé tó ń gbé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe é.

"Òrìṣà, ẹ bá ọmọ mi wá ọkùnrin. Kó jẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Kó jẹ́ ẹni tó ń jẹun dáadáa, mi ò fẹ́ ẹni tó ń fi ẹja sílẹ̀ nínú abọ́. Kó lè gbé nǹkan wúwo, torí ọmọ tèmi ò lágbára."

Ó ju igi ìbéèrè méjèèjì sílẹ̀. Igi pupa ni, ẹ̀gbẹ́ kan pẹrẹsẹ, ẹ̀gbẹ́ kejì yọ ikùn. Bí ọ̀kan bá dojú bolẹ̀ tí èkejì kọjú sókè, òrìṣà gbà nìyẹn. Bí méjèèjì bá fi ikùn lélẹ̀, tí wọ́n ń mì jọ́gẹjọ̀gẹ, òrìṣà ń rẹ́rìn-ín ni.

Igi rẹ́rìn-ín. Ó tún un jù, igi tún rẹ́rìn-ín. Ó jù ú lẹ́ẹ̀kẹta, bákan náà ni.

"Inú wọn mà dùn sí mi o!" ni Pi-hsia wí.

Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú tẹ́ńpìlì sún mọ́ ọn. "Màmá, bí inú wọn bá dùn, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rín yẹn, ó lè jẹ́ pé ìbéèrè yín ò yé wọn, tàbí kó jẹ́ pé ohun tí ẹ ń tọrọ ti wà lọ́wọ́ yín."

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, kí lẹ mọ̀ nípa ẹ̀rín?" Pi-hsia gbé báàgì rẹ̀, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí ọmọ òun bá rí ẹni fẹ́ kí ọdún òṣùpá tó dé, òun yóò gbé àkàrà òyìnbó wá dúpẹ́, ó sì bọ́ síta.

Bó ṣe délé, ó ra àsíá òṣùmàrè, àmì àwọn tó ń fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ẹgbẹ́ wọn, tó tóbi ju aṣọ ibùsùn lọ, ó ní kí Yeh gun àkàbà kó fi kọ́ iwájú ìsọ̀. Yeh gùn ún, ó sì so ó dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn ni Pi-hsia bẹ̀rẹ̀ sí í po àwọ̀ mọ́ ẹja gígún tó máa ń ṣù ní rogodo sínú ìrẹsì. Ó fi kárọ́ọ̀tì ṣe òmíràn, ó fi ẹ̀fọ́ ṣe òmíràn, ó fi ọ̀dùnkún elésèé àlùkò ṣe òmíràn. Èyí tó fẹ́ kó jẹ́ búlúù, ẹ má ṣe bèèrè ohun tó fi ṣe é. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ìgbàanì yẹ abọ́ wọn wò, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ bóyá oúnjẹ ni àbí ìlẹ̀kẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ gbọ́, wọ́n wá. Wọ́n ya fọ́tò ẹja, wọ́n ya fọ́tò àsíá, wọ́n gbá Pi-hsia mọ́ra. Wọ́n sọ ọ́ ní Màmá Òṣùmàrè. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyìn dùn. Pi-hsia bẹ̀rẹ̀ sí í kun ètè láti se ìrẹsì.

Chao-jung rí gbogbo èyí, ó rò pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni ọ̀rọ̀ ọkọ tí ìyá òun bá Tai-ying sọ, pé ìyá òun kàn lajú ni. Orí rẹ̀ wú. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé bí ìyá òun bá lè fi àsíá kọ́ iwájú ìsọ̀ nítorí ọmọ ọlọ́mọ, yóò gba obìnrin tó gé irun. Ló bá ṣọkàn gírí lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń fọ abọ́.

"Màmá, ẹnì kan wà tí mò ń fẹ́."

Pi-hsia fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ di ojú ọmọ rẹ̀ mú. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀? Ta ló sọ fún yín?"

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Mo ti gbà, ọmọ mi. Mo gbà tọwọ́tẹsẹ̀."

"Pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹ máa ń sọ?"

"Kí ni mo máa ń sọ? Ayé àtijọ́ nìyẹn. Mú un wá lọ́dún òṣùpá, níṣojú gbogbo àdúgbò. Ojú ò tì mí!"

Chao-jung fi omijé fọ abọ́ tó kù. Nígbà tó ròyìn fún Tai-ying, Tai-ying bi í léèrè pé, "Wọ́n dárúkọ mi?"

"Wọn ò dárúkọ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀."

"Wọ́n mọ̀? Láàárọ̀ òní náà ni wọ́n tún ní kí n fi yẹtí sétí."

"Bóyá wọ́n fẹ́ kó o fi sétí lọ́jọ́ ọdún ni."

Tai-ying, ẹni tí abẹ́rẹ́ lásán ń bà lẹ́rù, lọ lu etí. Nítorí Pi-hsia ni o.

Ọdún òṣùpá, tí wọ́n fi ń yẹ́ òṣùpá rogodo sí, dé. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ilé máa ń gbé ìdáná èédú jáde sójú títì, wọn a máa yan ẹran, wọn a máa yan ẹja, wọn a máa bó èso. Yeh gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọrin jáde. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń pe Pi-hsia ní Màmá Òṣùmàrè dé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, nítorí ó ti ránṣẹ́ pè wọ́n. Chin-feng jókòó síwájú pátápátá, àbíkẹ́yìn rẹ̀, Kuang-jen, tó jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ń bá a yí ẹran lórí iná.

Pi-hsia gba máìkì.

"Ẹ̀yin ará àdúgbò! Òní ni ọmọ mi máa fi ẹni tó ń fẹ́ hàn wá. Kí gbogbo ayé gbọ́ o. Ọmọ tá a bí, bó ṣe rí ni ká gbà á! Kò sí bó ṣe pọndandan kí ọkùnrin rí, kò sí bó ṣe pọndandan kí obìnrin rí! Ẹni tí ọmọ mi bá fà lọ́wọ́ wá síbí, ọmọ tèmi náà ni!"

Àwọn ọ̀dọ́ hó yèè. Kuang-jen fi ọwọ́ nu ojú, ó ní èéfín ni.

Ìgbà náà ni Chao-jung yọ níkòríta pẹ̀lú Tai-ying. Tai-ying wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, yẹtí kékeré ń tàn létí rẹ̀ tó ṣì pupa. Nítorí pé Yeh ti ránṣẹ́ pé gáàsì ọbẹ̀ ń tán lọ, ó gbé sílíńdà kan sí èjìká ọ̀tún. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lọ́wọ́ Chao-jung.

"Tai-ying!" Pi-hsia ò gbé máìkì kúrò lẹ́nu. "Gbé gáàsì yẹn gba ẹ̀yìn, o ń dínà. Ẹni pàtàkì ń bọ̀. Chao-jung, fi í lọ́wọ́ sílẹ̀ kó ríṣẹ́ ṣe. Ẹni náà dà?"

"Òun nìyí, Màmá."

"Ta?"

"Tai-ying."

"Mi ò bi ẹ́ ní Tai-ying! Ọkùnrin ẹ dà?"

"Ọkùnrin wo?"

"Ọkùnrin tó ò ń fẹ́!"

Odò gbé ohùn náà lọ, àwọn tó wà lódìkejì dìde dúró kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa.

"Màmá, èmi ò fẹ́ ọkùnrin kankan. Obìnrin ni mò ń fẹ́."

Pi-hsia fọwọ́ lé àyà. "Obìnrin? Lẹ́yìn gbogbo wàhálà tí mo ṣe!"

Àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́ kan rẹ́rìn-ín títí fóònù fi bọ́ sínú abọ́ ọbẹ̀. Ká ní ó dúró níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbá pa rẹ́ sí ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ojú ti Pi-hsia, ẹni tójú bá sì tì kì í mọ ibi tó yẹ kó dákẹ́ sí.

"Nínú gbogbo obìnrin, ṣé èyí náà ni? Èyí tó jẹ́ pé béèyàn bá rí i lẹ́yìn..."

Ó gbé e mì. Ó ti pẹ́ jù, máìkì ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé.

"Ẹ̀yìn ni mo ti rí i o!" Chin-feng pariwo. "Mo ní ẹ̀yìn ni mo ti rí i lọ́jọ́ yẹn! Mi ò purọ́!"

Tai-ying sọ sílíńdà kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó yọ yẹtí ọ̀tún, ó yọ yẹtí òsì, ó kó o sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹran.

"Àǹtí, níkòríta ni mo ti gbọ́ tí ẹ ní kò sí bó ṣe pọndandan kí obìnrin rí. Mo tiẹ̀ rò pé èmi lẹ ń bá sọ̀rọ̀." Ó fọwọ́ kan etí tó ṣì pupa. "Inú mi dùn, fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú yẹn."

Ó yíjú padà, ó ń lọ.

Chao-jung dúró wo ìyá rẹ̀. Kò pariwo. "Màmá, ká ní òótọ́ ni pé ọkùnrin ni mò ń fẹ́ ńkọ́? Ṣé ẹnu yín ló yẹ kí gbogbo àdúgbò ti gbọ́ ọ kí n tó sọ ọ́?" Ó sáré tẹ̀lé Tai-ying.

Ẹran ń jóná, ẹnikẹ́ni ò yí i. Ibí yìí ni Pi-hsia ti sunkún. Kì í ṣe ẹkún tẹlifíṣọ̀n o. Imú rẹ̀ ń ṣàn, ìkunètè rẹ̀ ṣàn dé àgbọ̀n, máìkì ò sì tíì kú, a gbọ́ bó ṣe ń fa imú dé òdìkejì odò.

Kuang-jen fi ẹ̀mú tó fi ń yí ẹran sílẹ̀. Ó rìn lọ bá a, ó gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó pa á, ó sì sọ̀rọ̀ tí àwọn tó wà nítòsí nìkan lè gbọ́.

"Àǹtí Pi-hsia, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan, ó dára. Ẹni tó nílò rẹ̀ kọ́ ni ẹ sọ ọ́ fún ni. Bí ó bá kù díẹ̀ níbẹ̀, ẹ fún èmi."

Pi-hsia wò ó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ké. Ó rántí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, ó wá gbá a mọ́ra. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a ó rí i tó dákẹ́.

Chin-feng ti dìde. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Pi-hsia. Ló bá mú àwo, ó kó ẹran tó dára jù lé e títí ó fi ń ya dànù.

"O... o ti jẹun?"

"Mi ò tíì jẹun, Màmá."

"Jẹun. O ti rù." Ó fa àga kan sún mọ́ ara rẹ̀. "Jókòó tì mí, kó o máa jẹun."

Kuang-jen jẹ gbogbo rẹ̀ tán, títí kan èyí tó jóná.

Nígbà tí wọ́n kó àga wọlé tán, Pi-hsia kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ìwọ, o mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Akoto mi ni Tai-ying gbé há abíyá lọ́jọ́ yẹn," ni Yeh wí. "Èmi ni mo yá a."

"O sì ń wò mí, tí mò ń fi àsíá kọ́gi!"

"Èmi ni mo gun àkàbà. Ta ló bi mí?"

Tai-ying ò gbé gáàsì wá mọ́. Ọkùnrin òṣìṣẹ́ kan tó máa ń tutọ́ sílẹ̀ ló ń rán wá. Chao-jung ń wálé, ó ń jẹun, ó ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá". Pi-hsia lọ sí ilé gáàsì láti tọrọ àforíjì, ó bá Tai-ying lẹ́nu iṣẹ́. Tai-ying fetí sílẹ̀ títí ó fi sọ tán, ó ní, "Mo ti gbọ́, Àǹtí," ohùn tó máa ń fi dáhùn ọ̀rọ̀ irun náà ni. Pi-hsia mọ̀ ọ́n. Ó délé, kò lè jẹun.

Ó gbé àkàrà òyìnbó lọ bá Òrìṣà Ehoro, nítorí ẹ̀jẹ́ ni ẹ̀jẹ́ ń jẹ́. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú tẹ́ńpìlì rántí rẹ̀.

"Màmá, ṣé ó ti rí ọkọ?"

"Ó ti rí ìyàwó. Èmi ni mo lé e lọ." Ó kúnlẹ̀. "Òrìṣà, ṣé ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn?"

Ó ju igi. Igi rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, òun náà rẹ́rìn-ín.

Ó ṣa igi náà, ó gbọn eruku orúnkún, ó tún rántí nǹkan, ó tún kúnlẹ̀ kíá. "Òrìṣà, ọmọ Chin-feng kan wà, Kuang-jen, olùkọ́ ni, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá a wá..." Ó wo igi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ sínú agbọ̀n.

"Ẹ má bínú," ni ó wí. "Mò ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi í."

Ẹ̀kọ́ tí Pi-hsia ní kí a fún yín kò ju ìyẹn náà lọ: ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n. Kò sí àsíá tó tóbi tó láti fi rọ́pò rẹ̀.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú. Àwọn èèyàn tò síwájú ìsọ̀ dé ìkòríta, iná ṣàdédé kú lábẹ́ ìkòkò. Gáàsì ti tán. Yeh tẹ fóònù, ó ní kí wọ́n rán ẹnì kan wá kíákíá. Àwọn oníbàárà ń kùn, Pi-hsia ń fi omi ọbẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́ bẹ̀ wọ́n.

Alùpùpù dúró. Ẹni tó bọ́lẹ̀ kì í ṣe ẹni tó máa ń tutọ́. Tai-ying ni, sílíńdà wà lórí èjìká, kò wo ibì kan. Ó gbé e wọ ẹ̀yìn ìkòkò, ó tú ti àtijọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń de tuntun. Irun rẹ̀ ti gùn díẹ̀. Ó ti bọ́ sí i lójú, ó ń fẹ́ ẹ kúrò pẹ̀lú ẹnu nítorí ọwọ́ rẹ̀ dí.

Pi-hsia dúró tì í pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò sílẹ̀ láti sọ ló sá lọ. Gbogbo àwọn tó tò na ọrùn wò wọ́n, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ wọn ládùúgbò. Chao-jung tó ń pín abọ́ dúró gbagidi.

"Tai-ying," ni Pi-hsia wí.

"Àǹtí."

"Irun yẹn ti gùn jù. O ò ríran. Lọ gé e."

Tai-ying gbójú sókè. Ó tan gáàsì, iná gbà lábẹ́ ìkòkò, ó dìde, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó fa àga kan, ó jókòó, ohun tí kò ṣe rí nínú ìsọ̀ náà láti ọjọ́ tó ti ń gbé gáàsì wá.

"Mo ti gbọ́," ni ó wí. "Ẹ bu tèmi, Màmá. Ẹ má fi ẹja búlúù yẹn sí i."